ILÉ LÀ Ń WÒ: ÀTÚPALẸ̀ ORÚKỌ TÍ YORÙBÁ SỌ ỌKỌ̀ OJÚ IRIN

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí ọmọ ènìyàn nìkan. Ó kan gbogbo ohun tí ó bá wọ àwùjọ lẹ́yìn tí èdè àwùjọ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí àlejò bá dé tí kò ní orúkọ lẹ́nu onílé, onílé yóò wò ó láti òkè délẹ̀, yóò wo ìrìn rẹ̀, yóò wo ọ̀nà tí ó gbà wọlé, yóò sì fi ohun tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rí pè é. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ ojú irin ṣe gba orúkọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè bi ara rẹ̀ léèrè pé: kí ni onílé rí nígbà tí ó sọ orúkọ yìí? Kí ni kò rí? Ǹjẹ́ orúkọ náà tó fún iṣẹ́ tí èdè Yorùbá ní láti ṣe lónìí?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti eré. Mọ́níyà, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ni ojú irin tuntun tí ó ti Èkó wá parí sí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021 ni a ṣí ọ̀nà náà, orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni a sì fi sọ ìdíkọ̀ Mọ́níyà. Ní Lálúpọn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, ojú irin ti àtijọ́ ni àwọn ará ìlú mọ̀ láti ayé àwọn baba wọn. Nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú méjèèjì, ọmọ wà tí ó ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí ó sì wo ọkọ̀ náà tí ó ń kọjá. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá bi olùkọ́ rẹ̀ pé, “Kí ni ó ń fa ọkọ̀ yìí?”, èdè wo ni olùkọ́ yóò fi dá a lóhùn? Orí ìdáhùn yẹn ni gbogbo àtúpalẹ̀ yìí dá lé.

BÍ ÀLEJÒ NÁÀ ṢE DÉ

Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, a sì ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Kò dúró níbẹ̀. Ó gba ìhà Lálúpọn kọjá, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sí Ìlọrin àti òkè Ọya. Àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀, èyí tí í ṣe mìlímítà 1,067. Ojú irin tuntun ti Mọ́níyà fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: mìlímítà 1,435 ni tirẹ̀, gígùn rẹ̀ láti Èkó sì jẹ́ kìlómítà 157. Nítorí náà, ọkọ̀ tí a ṣe fún ọ̀nà Lálúpọn kò lè rìn lórí ọ̀nà Mọ́níyà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́ lẹ́nu wa.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ẹnu wọn pe ọkọ̀ yìí ní ìgbèríko Ìbàdàn kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Àgbẹ̀ ni wọ́n, alájàpá ni wọ́n, oníṣòwò kòkó àti èkùrọ́ ni wọ́n. Kí ojú irin tó dé, orí ènìyàn ni ọ̀pọ̀ ẹrù ń gùn jáde kúrò ní oko. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ṣe pàtàkì nípa ọkọ̀ tuntun náà ni ibi tí ó gbà, ibi tí ó ń lọ, àti iye ẹrù tí ó lè kó. Kò sí ohun tí ó kàn án nípa inú ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ìlú ni ọkọ̀ náà dé. Ẹgbẹ́dá wà lójú títì Ifẹ̀; Akànràn ní Ọ̀nà Àrà jìnnà sí ojú irin; ọkọ̀ akẹ́rù ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń kó kòkó wọn wọ Ìbàdàn. Síbẹ̀ àwọn náà ní orúkọ fún ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì mọ ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí. A rí i nígbà náà pé orúkọ yìí ní iṣẹ́ méjì láti ṣe: ó ní láti yé ẹni tí ó rí ọkọ̀ náà lójú, ó sì ní láti yé ẹni tí ó kàn gbọ́ ìròyìn rẹ̀.

Ẹ̀WÀ ORÚKỌ NÁÀ

Orúkọ mẹ́ta ni ó jẹ yọ nínú èdè wa fún àlejò yìí: ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ ojú irin, àti rélùwéè. Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn yẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan.

Ọkọ̀ ilẹ̀ ni ó sún mọ́ ọgbọ́n àtijọ́ jù lọ. Lójú Yorùbá ìgbà ìwáṣẹ̀, ọkọ̀ jẹ́ ohun orí omi, ohun tí a ń fi àjẹ̀ wà. Nígbà tí irú rẹ̀ wá dé orí ilẹ̀, ohun ìyanu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ó fi omi sílẹ̀. Orúkọ náà sì sọ ìyanu yẹn ní ọ̀rọ̀ méjì péré. Àléébù rẹ̀ ni pé kò pẹ́ púpọ̀ tí mọ́tò náà fi dé, òun náà sì jẹ́ ọkọ̀ tí ó ń rìn lórí ilẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ọkọ̀ ilẹ̀ kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì mọ́. Orúkọ tí kò bá lè ya ọmọ kan sọ́tọ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé kò ní pẹ́ di ohun ìgbàgbé.

Rélùwéè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹ̀bi nínú yíyá ọ̀rọ̀. Èdè tí kò yá ọ̀rọ̀ rí kò sí lábẹ́ ọ̀run. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ti ilé: ó ti gba ohùn Yorùbá, àwọn ènìyàn sì ń lò ó fún iléeṣẹ́ náà, fún ojú ọ̀nà náà, àti fún ọkọ̀ náà pẹ̀lú. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti ní àbùkù. Ẹni tí ó ní “rélùwéè ti bàjẹ́” kò tíì sọ fún olùgbọ́ bóyá irin ni ó ṣẹ́, tàbí ọkọ̀ ni ó dúró, tàbí iléeṣẹ́ ni kò san owó òṣìṣẹ́.

Ọkọ̀ ojú irin ni ó borí, ó sì yẹ kí ó borí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà “ojú” dáadáa. A ní ojú omi, a ní ojú ọ̀nà, a ní ojú títì. Ojú nínú gbogbo wọn ni ibi pẹrẹsẹ tí ìrìn ti ń wáyé. Nípa báyìí, ọkọ̀ ojú irin bọ́ sí àárín ẹbí rẹ̀ láìsí wàhálà: ọkọ̀ ojú omi ní apá kan, ọkọ̀ òfurufú ní apá kejì. Ẹni tí ó bá ti mọ ọ̀kan nínú wọn yóò mọ àwọn tí ó kù. Kì í sì ṣe Yorùbá nìkan ni ó wo ọ̀nà kí ó tó sọ orúkọ. Àwọn ará Faransé àti àwọn ará Jámánì náà fi ọ̀nà irin sọ orúkọ ohun kan náà ní èdè wọn.

Ẹ̀wà tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé orúkọ náà kò kú nígbà tí ẹ̀rọ yí padà. Àwọn ará Ṣáínà wo iná tí ń jó nínú ẹ̀rọ àkọ́kọ́, wọ́n sì sọ ọkọ̀ náà ní ọkọ̀ iná. Lónìí, ọkọ̀ wọn tí kò ní iná ìdáná kankan nínú, tí ó jẹ́ pé mànàmáná ni ó ń sá a, ṣì ń jẹ́ orúkọ iná náà. Bí àwọn baba wa bá ti sọ ọ́ ní “ọkọ̀ eléèéfín”, irọ́ ni ọmọ Mọ́níyà ìbá máa pa lójoojúmọ́ láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni wọ́n wò. Ọ̀nà náà wà síbẹ̀, irin ni síbẹ̀, orúkọ náà sì jẹ́ òótọ́ síbẹ̀.

OHUN TÍ ORÚKỌ NÁÀ BÒ MỌ́LẸ̀

Bí a bá yìn ín tán, ó yẹ kí a sọ àléébù rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin sọ ibi tí ọkọ̀ ń gbà. Kò sọ ohun tí ń mú un rìn. Kò tilẹ̀ ya ẹni tí ń fà kúrò lára ẹni tí a ń fà. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ń kọjá ní Lálúpọn kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Iwájú rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ó ní agbára wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn tí kò ní agbára kankan, àwọn tí a so mọ́ra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹ̀lé e. Bí a bá tú ìdè tí ó wà láàárín wọn, ẹ̀rọ yóò lọ, àwọn tí ó kù yóò dúró sójú kan. Ìyàtọ̀ yìí tóbi bí ìyàtọ̀ láàárín ẹṣin àti ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀, orúkọ wa kò sì fi í hàn.

Láti ìgbà tí a ti dá ẹ̀rọ tí ń fa ọkọ̀ sílẹ̀, irú mẹ́ta pàtàkì ni ó ti jáde. Èkíní ni ti ooru omi. Ní 1804, ní ilẹ̀ Wales, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Richard Trevithick mú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rìn lórí irin. Ní 1829, ẹ̀rọ tí a pè ní Rocket, tí Robert Stephenson kọ́, borí nínú ìdíje, ó sì di àpẹẹrẹ fún àwọn tí ó tẹ̀lé e. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti yé ẹni tí ó bá ti gbé ìkòkò kaná rí. Iná ń jó nínú ààrò irin. Omi ń hó nínú àgbá irin gbọọrọ. Ooru omi náà kò rí ọ̀nà jáde bí kò ṣe ibi tí a là fún un. Bí ọmọrí ìkòkò ṣe ń jó lórí omi tí ń hó ni ooru yìí ṣe ń ti ọ̀pá irin síwájú àti sẹ́yìn, ọ̀pá náà sì ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Irú yìí ni ó ṣí ọ̀nà Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú ilẹ̀ ní Enugu ní 1915, èédú náà di oúnjẹ fún àwọn ẹ̀rọ orílẹ̀-èdè yìí.

Èkejì ni ti dísẹ́ẹ̀lì. Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó dá ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa ní 1897. Nínú rẹ̀, a máa ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra títí yóò fi gbóná janjan. Bí a bá wá fọ́n epo sínú ooru náà, epo yóò gbiná fúnra rẹ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni irú yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dé orí ojú irin Nàìjíríà, ó sì gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀rọ olóoru díẹ̀díẹ̀. Irú rẹ̀ náà ni ó ń fa ọkọ̀ wọ Mọ́níyà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì ni ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tààrà. Ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì ń yí ẹ̀rọ mìíràn tí ń pèsè mànàmáná. Mànàmáná yìí ni ó ń lọ sí abẹ́ ọkọ̀ láti yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ńlá ni ọkọ̀ náà gbé rù.

Ẹ̀kẹta ni ti mànàmáná gan-an. Werner von Siemens fi àpẹẹrẹ rẹ̀ han gbogbo ayé ní Berlin ní 1879. Òun kò gbé ẹ̀rọ tí ń pèsè agbára rù rárá. Ó ń gba mànàmáná láti ara wáyà tí ó wà lókè tàbí láti ara irin kẹta tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èkejì àti ẹ̀kẹta dà bí ìyàtọ̀ àwọn àgbẹ̀ méjì tí ń lọ sí oko ọ̀nà jíjìn: ọ̀kan di oúnjẹ rẹ̀ mọ́ ẹrù, èkejì ń jẹun lọ́wọ́ olóúnjẹ tí ó wà lójú ọ̀nà. Ọ̀nà aláwọ̀ búlúù ti Èkó, láti Marina dé Mile 2, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, mànàmáná ni ó ń lò, láti ara irin kẹta. Ọ̀nà aláwọ̀ pupa, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Agbádó dé Oyíngbò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, dísẹ́ẹ̀lì ni tirẹ̀.

Irú mẹ́ta, orúkọ kan. Ẹni tí ó kúrò ní Mọ́níyà lọ sí Èkó, tí ó sì bọ́ sínú ọkọ̀ ọ̀nà búlúù, ti kúrò nínú irú kan bọ́ sínú irú mìíràn, ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ kò sọ fún un.

Ọ̀RỌ̀ FÀKÀFÍKÌ

Kò sí ibi tí àléébù yìí ti hàn gbangba tó nínú ọ̀rọ̀ ìró tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ mọ́ ọkọ̀ ojú irin, èyíinì ni fàkàfíkì. Ọ̀rọ̀ náà dára púpọ̀. Àwọn tí ó dá a kò kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n etí wọn mú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olóoru ní ọ̀pá ìtì méjì, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Ooru ń ti ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú, ó sì ń tì í sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìtì kọ̀ọ̀kan, ooru tí ó ti ṣiṣẹ́ tán á bú jáde láti ojú ihò èéfín. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìró náà ń dún. Ẹ ka sílébù inú fàkàfíkì: mẹ́rin ni. Bóyá ó ṣèèṣì ni o, bóyá etí ni ó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni o, ọ̀rọ̀ náà bá ẹ̀rọ náà mu bí ọwọ́ ṣe ń bá ìbọ̀wọ́ mu.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ olóoru nìkan ni ó bá mu. Ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì kì í dún bẹ́ẹ̀. Kíkùn ni ó ń kùn, láìdáwọ́dúró, bí ẹ̀rọ ìlọta tí a fi ń lọ àgbàdo ní ọjà. Bí ó bá ń gbéra, kíkùn rẹ̀ á lágbára sí i, kò sì ní ka ìró kankan lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹnikẹ́ni. Ti mànàmáná kò tilẹ̀ kùn tó bẹ́ẹ̀. Fífẹ́ afẹ́fẹ́ àti ìró ẹsẹ̀ lórí irin ni a ń gbọ́. Kí wá ni ó ṣẹlẹ̀? Olùkọ́ tí kò rí ẹ̀rọ olóoru rí ń kọ́ ọmọ tí kò ní rí i láéláé pé fàkàfíkì ni ọkọ̀ ojú irin ń dún. Ọmọ Mọ́níyà á lọ sí ẹ̀bá ojú irin, á gbọ́ ohun mìíràn, á sì ní láti yàn láàárín etí rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò gba ẹ̀kọ́ gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ ìró, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú kí a gbọ́, bá wá di ohun tí kò jẹ́ kí a gbọ́, ó ti yẹ kí lámèyítọ́ sọ̀rọ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a sọ fàkàfíkì nù. Ìtàn ni ó wà nínú rẹ̀. Ó pa ohùn ẹ̀rọ tí kò sí mọ́ lójú ọ̀nà wa mọ́, èyí tí fọ́tò kò lè ṣe. Ohun tí ó yẹ ni pé kí olùkọ́ sọ ọ́ fún ọmọ pé ohùn ọkọ̀ ayé àwọn baba ńlá rẹ̀ nìyí, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: báwo ni ti ìsinsìnyí ṣe ń dún? Èdè Yorùbá lọ́rọ̀ ní ọ̀rọ̀ ìró ju ọ̀pọ̀ èdè lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè dá ọ̀kan sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì lè dára ju ti ọ̀mọ̀wé lọ.

ORÚKỌ WO NI Ó YẸ FÚN ẸNI TÍ Ń FÀ?

Bí ọkọ̀ ojú irin bá jẹ́ orúkọ gbogbo ara, kí ni orúkọ ẹni tí ń fà? Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀.

Èkíní ni ẹ́ńjìnì. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, kò sì sí àṣìgbọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì wà nínú mọ́tò, ó wà nínú ẹ̀rọ ìlọta ní Ẹgbẹ́dá, ó wà nínú alùpùpù. Ẹ́ńjìnì sì ni ohun tí ó wà nínú ẹni tí ń fà, kì í ṣe ẹni tí ń fà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá gbòòrò tó báyìí kò lè dá ọ̀kan mọ̀.

Èkejì ni orí ọkọ̀. Èyí dára. Bí àwọn awakọ̀ ṣe ń pe iwájú tírélà ní orí ni a ṣe lè pe èyí náà. Yorùbá sì mọ̀ pé orí ni ó ń darí ara. Ó yé àgbà, ó yé ọmọdé. Àbùkù rẹ̀ jáde nígbà tí a bá dé ọ̀nà búlúù ti Èkó. Ọkọ̀ ibẹ̀ kò ní ẹ̀rọ kan pàtó tí ń fà á níwájú. Abẹ́ àwọn ọkọ̀ èrò gan-an ni a pín àwọn ẹ̀rọ tí ń yí ẹsẹ̀ sí. Ó ní iwájú tí awakọ̀ jókòó sí, ṣùgbọ́n iwájú náà kì í ṣe ẹni tí ń fa àwọn yòókù. Bí a bá pè é ní orí, a ti sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọ̀nà kan lágbàáyé, ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ ń wà tí ó ń ti àwọn tí ó kù síwájú. Báwo ni orí yóò ṣe wà ní ìdí?

Ẹ̀kẹta ni kí a tẹ̀lé ọ̀nà tí èdè fúnra rẹ̀ ti là. Wà àti ọkọ̀ fún wa ní awakọ̀, ẹni tí ń wa ọkọ̀. Fà àti ọkọ̀ lè fún wa ní afakọ̀, ohun tí ń fa ọkọ̀. Ẹni tí ó bá mọ awakọ̀ kò nílò ìwé atúmọ̀ kí ó tó mọ afakọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ ibi tí ó wà, ṣùgbọ́n ó sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe, iṣẹ́ náà sì ni a fẹ́ mọ̀. Ní ti ọ̀nà búlúù, akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ láìfọ̀rọ̀gùn pé ọkọ̀ ojú irin yìí kò ní afakọ̀. Ara rẹ̀ ni ó ń fa ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a lè fi sọ pé nǹkan kò sí wúlò tó èyí tí a fi ń sọ pé ó wà.

Ó kù bí a óò ṣe ya irú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Ọ̀fìn wà níbí tí ó yẹ kí a yẹra fún. “Oníná” kò dára, nítorí iná ìdáná àti iná mànàmáná ni a ń pè ní iná. Ẹ̀rọ tí ó dàgbà jù lọ àti ẹ̀rọ òde òní yóò wá máa jẹ́ orúkọ kan náà. “Eléèédú” kò tọ́, nítorí ẹ̀rọ olóoru wà tí ó ń jó igi, ó sì wà tí ó ń jó epo. Bí a bá sì ní kí a wo ohun tí ń yí ẹsẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì àti mànàmáná yóò tún di ọ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni ibi tí agbára náà ti wá. Bí ó bá wá láti inú ooru omi, afakọ̀ olóoru ni. Bí ó bá wá láti inú ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì tí ó gbé rù, afakọ̀ onídísẹ́ẹ̀lì ni. Bí ó bá wá láti òde nípa wáyà tàbí irin kẹta, afakọ̀ onímànàmáná ni. Ọmọ tí ó bá mọ ìdí tí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi yàtọ̀ ti mọ ìlàjì ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ náà kí ó tó ṣí ìwé.

ATAKÒ ÀTI ÌDÁHÙN

Àwọn kan yóò ní orí tábìlì ni a ti ń dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ní ọjà, àti pé ọ̀rọ̀ tí ọjà kò bá gbà yóò kú. Òótọ́ wà nínú atakò yìí. Kò sí ẹni tí yóò dúró ní Lálúpọn kí ó sọ fún alájàpá pé kí ó má pe rélùwéè mọ́. Ṣùgbọ́n ọjà kì í ṣe ibi kan ṣoṣo tí èdè ń gbé. Ìlú tí ó ní babaláwo ní èdè babaláwo. Àwọn alágbẹ̀dẹ ní orúkọ fún ohun èlò wọn tí ará ọjà kò mọ̀. Kò sí ẹni tí ó ní àwọn yẹn kì í ṣe Yorùbá. Kí ló dé tí èdè iṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan yóò fi jẹ́ àjèjì?

Àpẹẹrẹ sì wà pé ó ṣeé ṣe. Ní 1970, ní Yunifásítì Ifẹ̀, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí a fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, ní èdè Yorùbá fún ọdún mẹ́fà. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ sì ń fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí di òní. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó dún létí bí ohun tuntun nígbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò lónìí láìmọ̀ pé ẹnì kan ni ó dá wọn sílẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú ewu tóbi ju orúkọ ẹ̀rọ kan lọ. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, ìjọba fagi lé ìlànà náà, ó sì dá iṣẹ́ náà padà fún èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wákàtí díẹ̀ tí a fi ń kọ́ èdè Yorùbá ni ó wá kù fún olùkọ́ ní Akínyẹlé àti Lágelú láti fi han ọmọ pé èdè baba rẹ̀ lè sọ̀rọ̀ nípa ayé tí ó ń gbé. Bí ó bá lo wákàtí náà fún òwe àti oríkì nìkan, tí kò sì rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi dáhùn nígbà tí ọmọ nawọ́ sí ohun tí ń fa ọkọ̀, ọmọ yóò gba ẹ̀kọ́ kan tí olùkọ́ kò pète. Yóò gbà pé èdè Yorùbá dára fún oko àti ìtàn àtijọ́, àti pé èdè mìíràn ni ti ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún un. Àìdáhùn ni yóò sọ ọ́.

Ìdájọ́ àtúpalẹ̀ yìí ni pé àwọn baba wa ṣe ipa tiwọn dáadáa. Wọ́n wo ilé, wọ́n wo ọ̀nà, wọ́n sì sọ àlejò náà ní orúkọ tí ó ti pẹ́ ju ẹ̀rọ tí wọ́n rí lọ. Orúkọ náà kò béèrè àtúnṣe. Ohun tí ó béèrè ni àbúrò: ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí ń fà, àti ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí yóò fi irú rẹ̀ hàn. Bí afakọ̀ kò bá wu àwọn olùkọ́, kí wọ́n mú èyí tí ó sàn jù ú wá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ọkọ̀ ń dé Mọ́níyà, àwọn ọmọ sì ń béèrè. Bí onílé kò bá sọ àlejò lórúkọ, àlejò yóò sọ ara rẹ̀ lórúkọ, onílé ni yóò sì máa kọ́ bí a ti ń pè é.